Bàbá Àgbà Ló Di Ìtọ́kọ̀ Mú

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹta

Bàbá mi ti ya wèrè, ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ yìí ló kó gbogbo wa sínú Elvira, ọkọ̀ onígi wa, ó ní ká máa wa ọkọ̀, ká sì máa rẹ́rìn-ín. Ó ń ya fọ́tò. Ó fẹ́ gbé ìpolówó sórí fóònù kí àwọn ará Buenos Aires lè máa wá lo ìparí ọ̀sẹ̀ ní erékùṣù wa nígbà ìwọ́wé: ìdílé á wa ọkọ̀, ìdílé á ká èso pékáànì, ìdílé á jẹun lórí omi lábẹ́ igi pupa. Igi kankan ò tíì pupa. Ẹ̀fọn tó ń jẹ wá tóbi tó ẹyẹlé, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fìlà Màmá lọ. Màmá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ tu. Nahuel àbúrò mi, ọmọ ọdún méje, tó jókòó síwájú ọkọ̀ pátápátá pẹ̀lú agolo tó fi ń gbọ́n omi dànù, rẹ́rìn-ín títí ó fi bì.

"Kò burú," ni Bàbá wí. "A ò ní lo ìyẹn."

Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ló di ìtọ́kọ̀, igi tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀, mú nídìí ọkọ̀. Òun ló ń dì í mú láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá omi. Kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ èrò ni wọ́n ń wà káàkiri àwọn odò yìí, wọ́n á gbé ọmọléèwé, wọ́n á gbé adìyẹ, wọ́n á gbé òkú. Àwa mẹ́ta tá à ń fa àjẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí à ń lọ, àwọn nìkan ló kọjú síwájú. Èmi ni mo sún mọ́ wọn jù, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiwọn, torí náà ojú wọn ni mò ń wò láti ilé lọ dé ibikíbi, irun imú àti ohun gbogbo.

Wọ́n wà wá lọ kọlu èbúté àwọn Petrik. A ò sáré, afẹ́fẹ́ ò fẹ́. A kàn ń lọ jẹ́jẹ́ ni, àfi gbàgà.

"Ta ló gbé èbúté síbí?" ni Bàbá àgbà béèrè.

"Kí wọ́n tó bí mi ló ti wà níbẹ̀, Bàbá," ni bàbá mi wí.

Bruno Petrik, tá a jọ wà ní kíláàsì kan náà, dúró lórí pákó, ó ń jẹ búrẹ́dì. "Ailén, ṣé ẹ fẹ́ wọlé ni, àbí ẹ kàn ń kanlẹ̀kùn?"

Mo ní kó lọ fi búrẹ́dì náà dí ihò imú ẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹta

Epo ọkọ̀ tún ti gbówó lórí. Bàbá ní ìdí nìyẹn tí àjẹ̀ fi dáa, torí búrẹ́dì ni èèyàn ń jẹ, kì í mu epo. Búrẹ́dì náà ti wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹta

Àǹtí Mirta, ẹ̀gbọ́n Bàbá, gba ọkọ̀ èrò wá láti San Fernando, ìlú tí wọ́n ń gbé. Bàtà gogoro ni wọ́n wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí pákó èbúté wa tó lu jára. Mo gbàdúrà. Àdúrà náà ò gbà.

Wọ́n ti gbọ́ nípa èbúté àwọn Petrik. Níwájú Bàbá àgbà, nídìí oúnjẹ, ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Bàbá àgbà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa," ni Àǹtí wí. "Orí wọn ò pé mọ́. Ilé wọn ló sún mọ́ omi jù, ilé wọn náà ni àwọn àlejò tẹ́ ẹ̀ ń wá yìí máa fẹ́. Ẹ jẹ́ n mú wọn lọ sọ́dọ̀ mi."

"Àjà kẹrin?" ni Màmá wí. "Wọn ò ní rí omi níbẹ̀."

"Omi ẹ̀rọ wà ní balùwẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Èmi ni mo ṣáà kọ́kọ́ pe Bàbá àgbà ní Ọ̀gágun Ojú Omi, gbogbo ilé wá gbé e bí ọmọ tuntun. Bàbá àgbà gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń fi búrẹ́dì nu ọbẹ̀.

"Mirta," ni wọ́n wí, "ṣé bàtà ẹ ló ga ni, àbí o ti tún ń dàgbà?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di àdéhùn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde ni gbogbo ilé létí odò wa máa ń wa ọkọ̀ yí erékùṣù po. Ẹni tó dàgbà jù nílé ló gbọ́dọ̀ di ìtọ́kọ̀ mú, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ júwe ọ̀nà fún un. Bí ẹnìkan bá la ẹnu pé "ọ̀tún" tàbí "òsì", wọ́n á fọn fèrè, ọkọ̀ yẹn ti jáde nìyẹn.

"Tí wọ́n bá yí i po láì kọlu nǹkan kan," ni Àǹtí wí, "màá pa ẹnu mi dé. Tí wọ́n bá fara kan pẹ́pẹ́yẹ lásán, wọ́n ń bá mi lọ."

"Ó dáa," ni Bàbá wí, bí ẹni ń ra adìyẹ.

Kò sẹ́ni tó bi Ọ̀gágun.

Tí wọ́n bá lọ, tèmi bá mi. Àwọn nìkan ló ń gba irọ́ mi gbọ́ nínú ilé yìí. Lọ́dún tó kọjá mo sọ fún wọn pé mo gbé ẹja láàyè mì, pé ó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú mi. Wọ́n fetí sí ikùn mi. Wọ́n ní ó ń lọ sí apá àríwá.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹta

Ìdílé tún lọ gbádùn ara rẹ̀ lórí omi. Ẹran sísun, fọ́tò, ẹ rẹ́rìn-ín.

Níbi tí odò ti pín sí méjì lẹ́yìn ilé ìkọ́kọ̀ tó ti wó, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, mo rí ojú Bàbá àgbà. Ẹni tí kò bá jókòó síbi tí mo jókòó sí ò lè rí i. Wọ́n wo ẹ̀ka ọ̀tún, wọ́n wo ẹ̀ka òsì, bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ tí kò béèrè síwájú rẹ̀. Ojú wọn ríran dáadáa o, abẹ́rẹ́ bọ́ nílẹ̀ wọ́n á rí i. Ibẹ̀ gan-an ni wọn ò mọ̀ mọ́. Ibẹ̀ tí wọ́n ti kọjá ju iye ìgbà tí mo ti mí lọ.

Wọ́n ya sọ́tùn-ún. Òsì ni ilé wà. A wa ọkọ̀ títí ẹran fi dì.

"Níbo la wà?" ni Bàbá béèrè lẹ́yìn mi.

Kí Bàbá àgbà tó dáhùn, mo ní, "Omi ti yí padà. Ó ń ṣàn wá pàdé wa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ibí."

Bàbá ti ọwọ́ bọ omi. Omi wa kì í ní ojú kan: láàárọ̀ á máa lọ síbí, lọ́sàn-án afẹ́fẹ́ á tì í padà wá sọ́hùn-ún. Létí odò wa, kò sẹ́ni tó pẹ́ tí kì í sọ pé omi ti yí padà, látorí dókítà dórí ọkọ tó sùn síta.

"Òótọ́ ni," ni Bàbá wí. "Ó ti yí padà."

Bàbá àgbà ń wò mí.

Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹta

Mo ti yanjú ẹ̀. Ọpọlọ mi ti pọ̀ jù, ó yẹ kí ìjọba máa gba owó orí lórí ẹ̀. Mo yọ dígí inú pọ́dà Màmá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ etí fìlà mi. Bí mo ṣe kọ ẹ̀yìn síwájú yẹn, mo ń rí iwájú. Tí ọkọ̀ bá ní láti ya sápá kan, mo fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ọkọ̀ lápá ibẹ̀. Èèyàn tó ń fa àjẹ̀ ló ń kan ilẹ̀, ta ló máa fura?

Mo mú Bàbá àgbà lọ, àwa méjì péré. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kanlẹ̀. Wọ́n ya sọ́tùn-ún. Ṣùgbọ́n a kọjú síra wa: ọ̀tún wọn ni òsì mi. A wọnú esùsú lọ kanlẹ̀. Ẹyẹ kan fò jáde níbẹ̀, ó bú wa títí ó fi kọjá odò.

"Ẹ má wo ẹsẹ̀ wo ni, Bàbá àgbà. Ibi tí ariwo ti dún ni kẹ́ ẹ lọ."

"Ibi tí ariwo ti dún," ni wọ́n wí. "Bí ìgbà tí mò ń fẹ́ ìyá bàbá ẹ."

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹta

Igi àkọ́kọ́ ti pupa. Bàbá ti ya á ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin fọ́tò. Ó ní ká lọ dúró lábẹ́ ẹ̀. Màmá ní òun ti rí igi rí.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹrin

Òjò. Òtútù. A ṣì lọ. Wọ́n ṣe é dáadáa títí a fi dé ibi tí odò ti pín, wọ́n wá fi ìtọ́kọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń wá tíkẹ́ẹ̀tì nínú àpò wọn. Wọ́n ní àwọn ò tíì gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi.

Inú bí mi. Nígbà tá a dé èbúté àwọn Petrik, Bruno wà níbẹ̀, mo dìde dúró nínú ọkọ̀ mo sín Bàbá àgbà jẹ: mo la ẹnu, mo jẹ́ kí itọ́ dà, mo ń tọ́ afẹ́fẹ́ sọ́tùn-ún sósì, mò ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ pẹ́pẹ́yẹ. Bruno rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú omi òjò.

Bàbá àgbà náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú.

"O mọ̀ ọ́n ṣe gan-an," ni wọ́n wí. "Ta nìyẹn?"

Bruno ò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹrin

Ọkọ̀ mẹ́sàn-án. Gbogbo etí odò ti pupa bí ẹni da ẹ̀jẹ̀ sí i. Àwọn àlejò ìlú dúró lórí èbúté pẹ̀lú kúlà àti ajá tó wọ ẹ̀wù. Àǹtí Mirta jókòó sínú ọkọ̀ onífèrè pẹ̀lú awò lójú, wọ́n ń wo Bàbá àgbà bí ológbò tó ń wo àgò ẹyẹ.

Bàbá wà nídìí àjẹ̀ àárín, Màmá wà níwájú, Nahuel pẹ̀lú agolo ẹ̀. Wọ́n fọn fèrè pé ká gbéra. Mo kan ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni ń jó. Òsì, òsì, ọ̀tún. Bàbá àgbà ń yí igi náà bí ìgbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún. A kọjá òpó mẹ́ta tó kù nílẹ̀ èbúté àtijọ́, a kọjá ọkọ̀ tó rì, a kọjá ìyá àgbà Petrik tó ti dá ọkọ̀ ilé wọn dúró sáàárín ìdíje, tó ń bú obìnrin kan létí odò nítorí ìkòkò òdòdó tí wọ́n jí lọ́dún wo ni.

Níbi tí odò ti tẹ̀ kọrọ kẹ́yìn ni nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́. Lọ́tùn-ún níbẹ̀ ni ẹ̀ka tó lọ sí ibùdókọ̀ èrò àtijọ́. Mo rí i tí ojú Bàbá àgbà tàn, bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókèèrè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Mo kan ilẹ̀ lósì. Wọn ò gbọ́. Mo kàn án títí àtẹ́lẹsẹ̀ mi fi ń ta mí.

"Kí lò ń bá ilẹ̀ jà sí?" ni Bàbá wí lẹ́yìn mi.

"Iṣan ló fà mí lẹ́sẹ̀."

Bàbá àgbà wo ẹ̀ka yẹn. Wọ́n wo ojú mi. Wọ́n wá yí igi náà padà sósì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn kí ó má dún.

Ipò karùn-ún la ṣe. A ò kọlu ohunkóhun. Bàbá gbé bàbá rẹ̀ sọ́rùn, ó ń pariwo pé orí wọn pé ju ti gbogbo San Fernando lọ. Àǹtí Mirta ní àwọn ti pa ẹnu àwọn dé. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan.

Lálẹ́ a jẹ búrẹ́dì aládùn Àjíǹde. Bàbá àgbà fún mi ní èyí tó ní ẹyin láàárín. "Ti atukọ̀," ni wọ́n wí. Mo rò pé ara wọn ni wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹrin

Èso pékáànì ti ń já. Àwọn igi wa wà ní erékùṣù kejì, tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Èmi, Bàbá àgbà àti Nahuel la lọ ṣà á. Nahuel ṣà tó ìdá mẹ́ta àpò, ó jẹ ìdá méjì. Àwọn àlejò àkọ́kọ́ ti fẹ́ gba ilé fún oṣù tó ń bọ̀. Bàbá ní wọ́n á gba yàrá tiwa, àwa á sùn sí ilé ìdáná. Màmá ní ìdílé á gbádùn ìyẹn gan-an.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹrin

Wọ́n ti rí Nahuel. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí ọwọ́ mi lè kọ ìyókù.

Àná, ó yẹ kí n bá Bàbá àgbà lọ ṣa pékáànì. Ọjọ́ ìbí Bruno ni. Mo sọ fún Màmá pé olùkọ́ ní ká wá ṣe iṣẹ́ kan nílé ìwé.

"Ta ló máa wá bá Bàbá àgbà lọ?" ni Màmá béèrè.

"Ṣé wọ́n nílò ẹnìkan ni?" ni Bàbá wí. "Wọ́n yí odidi erékùṣù po. Wọ́n á mú Nahuel dání."

Mo ti ń de bàtà mi. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ ò ju gbólóhùn kan lọ. Mo de okùn bàtà náà lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí mo dé láti ọ̀dọ̀ Bruno, wọn ò tíì padà. Màmá ń gbé máté, tíì ewé tá a jọ máa ń mu nínú igbá kan, yí ká, Bàbá ń lẹ ìpolówó pọ̀ sórí fóònù.

"Wọ́n pẹ́," ni mo wí.

Màmá wo ojú odò. "Omi ti yí padà mọ́ wọn. Wọ́n máa ní láti fa àjẹ̀ wá pàdé ẹ̀."

Bàbá na ọrùn wò ó. "Ó ti yí padà lóòótọ́. Wọ́n ṣì máa pẹ́ díẹ̀."

Omi náà yí padà lóòótọ́. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde. Mo ní tí máté bá tún kàn mí, màá sọ ọ́. Ó kàn mí. Mo mu ún. Mo ní tó bá tún kàn mí. Tí mo bá sọ ọ́, Bàbá àgbà ń lọ nìyẹn, èmi náà sì wọ gàù. Tí n ò bá sọ ọ́, bóyá wọ́n ti ń bọ̀, bóyá mo kàn ń dààmú lásán. Ìgbà mélòó ni máté kàn mí, mi ò mọ̀. Omi ẹ̀ ti di omi gbígbóná lásán, kò ládùn mọ́, wọ́n ṣì ń gbé e yí ká.

Afẹ́fẹ́ ẹnu òkun ló bá mi sọ ọ́. Ó dé lójijì, ó tẹ esùsú mọ́lẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn èbúté. Bàbá ju fóònù sílẹ̀ ó sáré lọ pe Ọ̀gbẹ́ni Petrik.

Ìdájí òní ni Ọ̀gbẹ́ni Petrik gbé Nahuel dé, ó wé e sínú aṣọ ọkọ̀. Orí igi kan ló ti bá a ní erékùṣù tí kò séèyàn, omi ti bo ilẹ̀ ibẹ̀, ó ti fi bẹ́líìtì ara rẹ̀ so ọwọ́ kan mọ́ ẹ̀ka. Ìka ọwọ́ náà dúdú. Ètè rẹ̀ bí ẹni mu yíǹkì.

Bàbá àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n ń sùn nínú Elvira ní ibùdókọ̀ èrò àtijọ́. Wọ́n ti so ọkọ̀ náà dáadáa, ìso tí kò sẹ́ni tó lè so tó bẹ́ẹ̀.

Nahuel sọ ọ́ fún Màmá kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ní Bàbá àgbà gbá ọkọ̀ mọ́ èbúté tó ti jẹrà kan, wọ́n di òun lọ́wọ́ mú kí òun má ṣubú, wọ́n ní, "O ti dé, ọ̀gá kékeré. Kí ìyá ẹ fún mi." Ó rò pé eré ni. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó juwọ́ sí wọn bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹrin

Òtútù ti wọ ẹ̀dọ̀fóró Nahuel. Dókítà ní yóò yè é. Ìka kékeré ọwọ́ òsì, wọn ò tíì mọ̀. Ó ní òun ò wọ ọkọ̀ mọ́. Níbi tá à ń gbé yìí, ìyẹn dà bíi pé ó ní òun ò rìn mọ́.

Àǹtí Mirta dé. Bàtà pẹlẹbẹ ni wọ́n wọ̀ lónìí. Gbogbo wa jókòó ní ilé ìdáná. Bàbá ò rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lóṣù yìí.

"Ohun tí kò yé mi," ni Bàbá wí, "ni Ọjọ́ Àbámẹ́ta ìdíje yẹn. Wọ́n wa ọkọ̀ náà bí ọ̀dọ́. Báwo ni ẹni tó wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ṣe wá mọ ọmọ ọmọ ẹ̀ mọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì?"

"Bó ṣe máa ń ṣe wọ́n nìyẹn," ni Àǹtí wí. "Lónìí dáa, lọ́la ò dáa."

"Rárá," ni Bàbá àgbà wí.

Gbogbo wa yíjú. Wọ́n ń pa pékáànì, wọ́n ń kó horo ẹ̀ jọ sápá kan bí ẹni tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

"Ọmọ yìí ló wa ọkọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n fi ìka tọ́ka sí mi. "Èmi kàn ń di igi mú. Òun ló ń kan ilẹ̀. Ó ní dígí lábẹ́ fìlà. Ó yẹ kẹ́ ẹ fi í ṣe atukọ̀, ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ." Wọ́n ju horo kan sẹ́nu. "Ó ní kí n má sọ ni?"

Mi ò sọ fún wọn rí pé kí wọ́n má sọ.

Mo wá irọ́. Ọmọ tí mo jẹ́, tí irọ́ ń jáde lẹ́nu mi bí eéṣú, mo wá ọ̀kan péré, n ò rí i. Màmá gbá mi létí. Ó tún gbá mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"O mọ̀," ni Màmá wí. "O jókòó níbí, ò ń mu máté pẹ̀lú mi, o sì mọ̀."

"Mo rò pé omi ni."

"Má dárúkọ omi fún mi."

Bàbá ò nà mí. Mo fẹ́ kó nà mí. Ó rọra tẹjú mọ́ mi, ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò jọ ti inú fọ́tò.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Níwọ̀n ìgbà tí o ti mọ ọkọ̀ wà tó yìí. Lọ́jọ́ Àìkú a máa gbé Bàbá lọ sí San Fernando nínú Elvira. Ìwọ lo máa di ìtọ́kọ̀ mú."

"Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ èrò gbé wọn," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Ìdílé á wa ọkọ̀," ni Bàbá wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹrin

Mo di ẹrù Bàbá àgbà. Àpò kan péré ló gba gbogbo ẹ̀. Wọ́n bi mí pé ta ló ń rìnrìn àjò. Mo ní Àǹtí Mirta. Wọ́n ní ó tó àkókò kó lọ, ó ti pẹ́ jù.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹrin

Oòrùn ràn bí ẹni ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú omi dúró bíi dígí, ewé pupa ń léfòó lórí ẹ̀, àlejò ń ya fọ́tò láti èbúté dé èbúté. Ìyàwó Petrik ń tọ́jú Nahuel, tí ilé ìwòsàn dá padà sílé lánàá. Ó dúró lójú fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ nínú báńdéèjì. Kò juwọ́.

Wọ́n sọ fún Bàbá àgbà pé à ń lọ jẹun lọ́dọ̀ Àǹtí. Bàbá fi wọ́n sí àga mi, ó kó àjẹ̀ mi lé wọn lọ́wọ́. Èmi jókòó sídìí ọkọ̀. Mo ti ń fẹ́ ibẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Igi ìtọ́kọ̀ náà tutù, ibi tí ọwọ́ wọn máa ń wà ti jẹ wọnú.

Bàbá àgbà wo mí láti òkè délẹ̀. "Jókòó tààrà," ni wọ́n wí. "Èrò ń wò ẹ́."

Wọ́n fa àjẹ̀ ju Bàbá lọ, wọ́n fà á ju Màmá lọ. Ohun tí n ò lérò ni pé wọ́n mọ gbogbo ibi. Bí nǹkan ṣe ń kọjá lọ́wọ́ ẹ̀yìn mi, wọ́n ń dárúkọ ẹ̀: èbúté àwọn Petrik, ilé ìkọ́kọ̀, ibi tí màlúù ti ṣubú somi lọ́dún tí ìkún omi pọ̀. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n ṣì. Ohun tó bá wà níwájú ni kò yé wọn mọ́. Èyí tá a ti kọjá, gbogbo ẹ̀ ló ṣì wà lọ́wọ́ wọn, títí dórí orúkọ màlúù.

Níbi tí odò ti pín, mo ya sọ́tùn-ún. Òsì ni San Fernando. Mi ò ní ètò kankan. Mo kàn fẹ́ kó pẹ́. Bàbá àti Màmá kọ ẹ̀yìn sí i, wọn ò fura.

A ò tíì lọ jìnnà tí Bàbá àgbà dá àjẹ̀ dúró. Wọ́n wo omi tó ń sá lọ lẹ́yìn mi, wọ́n wo igi méjì tó wà létí ẹ̀ka náà.

"O ti ṣi ọ̀nà, ọmọ," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́, kí ojú má bàa tì mí. "San Fernando kọ́ nìyí. Padà, kí o gba òsì. Mirta ti ń dúró."

Bàbá yíjú wò mí. Màmá ò yíjú.

Mo padà. Mo gba òsì.

Àǹtí Mirta wà lórí èbúté pẹ̀lú ọkùnrin kan tó gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn dání. Bàbá àgbà sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé kẹ̀kẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Àǹtí gba àpò wọn lọ́wọ́ Màmá. Ìgbà yẹn ni Bàbá àgbà wo àpò náà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá kọjú sí mi nínú ọkọ̀, ohùn wọn sì dà bíi ti ẹni tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun, atukọ̀. Èló ni owó ọkọ̀?"

Bàbá ló dáhùn. Ó ní, "Ẹ ti san án, Bàbá."

A wa ọkọ̀ padà sílé, àwa mẹ́ta. Ọ̀nà jíjìn ni, ṣùgbọ́n a tètè dé. Bàbá ní ọkọ̀ náà fúyẹ́ gan-an lónìí. Òótọ́ ni.